Orórì Tí Wọ́n Fi Tẹ́ Ọ̀nà Màlúù

Bí ẹnìkan bá jókòó níwájú mi, tó ń sọ pé àwọn òyìnbó ló mọ iyì ohun àtijọ́, pé àwa ni a kì í tọ́jú nǹkan, mo máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi í pé òyìnbó wo ló ń sọ. Mo bá wọn gbé. Mo gbé ní Ireland nínú ilé kan tí wọ́n ti fọ́ ibojì àwọn baba ńlá wọn, tí wọ́n sì fi òkúta rẹ̀ kọ́ ilé màlúù. Èmi fúnra mi fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta ibojì náà láràárọ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń tẹ̀.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tó bá gbé ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tí ológun ń jẹ́ kí a máa sùn kí a máa jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, yóò mọ ìdí tí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà fi lè gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, kó lọ máa wẹ arúgbó nílẹ̀ onílẹ̀.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni wọn ò sọ. Ní Iléṣà, kí n tó ti ilé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, orúnkún mi á ti kan ilẹ̀ káàkiri àdúgbò, ẹnu mi á ti gbẹ nítorí ẹ kú òwúrọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìsinmi. Ní abúlé tí mo wà yìí, mo lè rìn láti ilé dé ibùdókọ̀ kí n má pàdé ẹ̀dá kan àfi àgùntàn. Àgùntàn náà á wò mí, á tún padà sídìí koríko rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo kí i. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ohùn ara mi ló yà mí lẹ́nu, nítorí mi ò tíì sọ Yorùbá síta láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ìyá arúgbó kan ni mò ń tọ́jú. Nora ni orúkọ wọn. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Nora bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́, ni mo bá ń pè wọ́n ní Màmá Nora. Ẹsẹ̀ wọn ti kú, orí àga onítáyà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n ojú wọn ríran, etí wọn sì mú ju tèmi lọ. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Declan, ẹni àádọ́ta ọdún tí kò ní ìyàwó, ló ni oko àti màlúù. Òun ló gbà mí síṣẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ń sọ èyí ṣáájú, nítorí inú tó ń bí mi lè mú kí n gbàgbé.

Òkúta kan wà lẹ́yìn ilé náà. Ó ga jù mí lọ, ó dúró gbọnrangandan nínú koríko, ó fì díẹ̀ sí ọ̀nà òkè. Kùkùté òkúta mẹ́ta mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò wọ́n. Lọ́jọ́ tí okùn tí mo ń sá aṣọ sí já, mo gbé aṣọ ibùsùn tí mo fọ̀, mo sá a sórí òkúta náà. Mi ò tíì tẹ́ ẹ tán tí mo fi gbọ́ tí Màmá Nora ń kan fèrèsé.

“Ọmọ mi, bá mi ká a kúrò níbẹ̀.”

Mo rò pé aṣọ wọn ni wọ́n ń ṣìkẹ́. Mo ní, “Òkúta náà mọ́, Mama. Òjò ti fọ̀ ọ́.”

“Mi ò sọ pé kò mọ́. Ilé òkú ni.”

Mo ká aṣọ náà. Mo wọlé, mo jókòó ti àwọn aṣọ tí mo fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀, mi ò sì lọ ọ̀kankan. Ìgbà náà ni wọ́n wá sọ ọ́ fún mi.

Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé àwọn níyàwó wọ ilé yìí, ilé òkúta kan ló wà níbẹ̀. Àwọn òkúta dúró bí òpó ní apá ọ̀tún àti apá òsì, òkúta kan tó fẹ̀ tó yàrá sì dùbúlẹ̀ lé wọn lórí bí òrùlé. Àwọn tó kọ́ ọ kò ní irin, wọn ò ní kẹ̀kẹ́, wọn ò ní ẹṣin. Agbára ọwọ́ àti okùn ni wọ́n fi wọ́ òkúta wọ̀nyẹn láti orí òkè, kí wọ́n lè rí ibi tẹ́ àwọn ènìyàn wọn sí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì tó máa ń wá wò ó sọ pé wọ́n ti kọ́ ọ tán kí ọba Íjíbítì kankan tó ronú àtikọ́ ibojì tirẹ̀. Ìyá ọkọ Màmá Nora kì í jẹ́ kí màlúù jẹ koríko ibẹ̀. Bí wọ́n bá fún wàrà tán, ó máa ń ta díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé òkúta náà, ó sì tún máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́.

“Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú,” Màmá Nora ní, “ọkọ mi ra katakata. Ó ní òkúta náà ń dí òun lọ́nà. Ó pe ọkùnrin kan tó ń fọ́ àpáta fún àwọn tó ń ṣe títì. Wọ́n ki ẹ̀tù bọ ìdí rẹ̀. Ìgbà tó dún, àwo fọ́ nínú ilé ìdáná mi.”

“Àwọn òkú ńkọ́?”

“Egungun jáde, àti àpáàdì. Ọkọ mi fi ṣọ́bìrì kó wọn sínú garawa, ó lọ dà á sódò. Mo dúró níbí yìí, mo rí eyín ọmọdé nínú rẹ̀, eyín àkọ́hù. Oyún Declan ló wà nínú mi.”

Mo bi wọ́n pé òkúta yòókù dà. Wọ́n nawọ́. Òkúta òrùlé, wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà tí màlúù ń gbà wá síbi tí wọ́n ti ń fún wàrà lára wọn, kí ẹsẹ̀ wọn má baà rì sínú ẹrẹ̀. Méjì nínú àwọn òpó wà lára ògiri ilé màlúù. Ọ̀kan ni wọ́n tẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tí mo máa ń dúró lé láti gbọn omi kúrò lára bàtà mi. Èyí tó ṣẹ́kù lóòró yẹn, ẹ̀tù kò ràn án. Wọ́n gbìyànjú títí ó fi sú wọn.

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Kì í ṣe pé mo mọ àwọn tó sùn síbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti bi mí, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, pé ní Áfíríkà, ṣé a máa ń sin òkú wa ni tàbí a máa ń gbé wọn sọ sínú igbó. Mo ti dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Mo ti sọ fún un pé àgbàlá ilé ni a ń sin baba wa sí, a ń fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, a ń kọ orúkọ wọn sí i, a sì ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tí àánú mi ń ṣe. Ilé rẹ̀ kò ju ìsọ̀ òkò lọ sí ọ̀nà màlúù yẹn. Ó dùn mí pé mo sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná mọ́. Bí òjò ń rọ̀, bí ìrì dídì ń bọ́, màá yí ilé po gba iwájú. Declan rí i, ó rẹ́rìn-ín.

“Wọ́n ti sọ ìtàn òkúta fún ọ. Ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?”

“Kò bà mí.”

“Kí ló wá dé tí o kò gba ibẹ̀?”

“Ojú ló ń tì mí,” mo ní. “Ẹ̀yin ni ó yẹ kó tì, ṣùgbọ́n nígbà tí kò tì yín, mo ní kí n bá yín gbà á.”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò sì bínú. Ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ tèmi. Lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń lọ sí àpótí tẹlifóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, màá fi káàdì pe Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Fẹ́mi, ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè Fíà, níbi tó ti ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù. Ìgbà tí wọ́n sọ Òṣogbo di olú ìlú ìpínlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń kọ́lé ni nǹkan ṣẹnuure fún un. Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Yèyé, ìyá wa, ó kó wọn kúrò ní Iléṣà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ilé kan tí wọ́n ti ń ta ìpè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Níbẹ̀ ni Yèyé máa ń jókòó dè mí lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ìborùn wọn, bí ẹni tó ń retí dókítà.

Yèyé kò sọ Yorùbá mìíràn rí àfi Ìjẹ̀ṣà. Ilé, “ulé” ni wọ́n ń pè é. Iṣu, “usu” ni. Nígbà tí mo wà ní girama, ojú máa ń tì mí bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi ará Ìbàdàn. Nínú àpótí tẹlifóònù yẹn, bí wọ́n bá ti pe “ulé” báyìí, omi á bọ́ lójú mi.

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo ní ìròyìn ayọ̀ fún wọn. Mo ti rí iṣu ní ìlú ńlá, ní ṣọ́ọ̀bù ará Gánà kan, mo sì ti gún iyán.

“Kí lo fi gún un?” Yèyé béèrè.

“Ìdí ìgò ni, Yèyé, nínú ìkòkò irin.”

“Ó kúná?”

“Ó ní kókó díẹ̀.”

“Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kókó ni yóò jẹ́ kí o mọ̀ pé ibòmíràn lo wà.”

Mo sọ fún wọn pé Màmá Nora náà jẹ nínú rẹ̀, tí wọ́n ní ọ̀dùnkún tó lọ sí yunifásítì ni. Yèyé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Ẹ̀rín yẹn gbé mi ró fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbé níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá rẹ̀ kò lè mọ ohun tí ẹ̀rín ìyá ẹni ń ṣe nínú ara.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá Fẹ́mi gba fóònù lọ́wọ́ Yèyé kí a tó kíra tán.

“Mo ti rí ẹni tó fẹ́ gba ilé wa ní Iléṣà. Ó fẹ́ sọ ọ́ di ilé búrẹ́dì.”

“Ibojì Bàámi wà níwájú ilé, Bọ̀dá.”

“Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ nìyẹn. Ó ní ọkọ̀ ìyẹ̀fun kò ní rí ibi gbà wọlé. A máa kó wọn lọ sí itẹ́ òkú ìjọ.”

“Kó kí ni?”

“Àwọn Bàámi náà ni. Wọ́n ń ṣe é níbi gbogbo. Ìjọ á gbàdúrà sí i.”

“Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ nígbà tí Bàámi fi ọ̀pá fa ilà sílẹ̀, tí wọ́n ní ibí yìí ni.”

“Mo wà níbẹ̀. Mo tún wà níbí nígbà tí òjò ṣí páànù ilé náà. Ìwọ dà? Ìwọ tó wà lókè òkun, ìwọ lo máa ń wá gbá iwájú ibojì?”

Káàdì mi tán níbẹ̀. Mo di ẹ̀rọ náà mú títí ọkùnrin kan fi kan gíláàsì pé òun náà fẹ́ pe ẹnìkan.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn kò tó láti fi hú òkú. Òṣómàáló ni bàbá wa. Aṣọ ni wọ́n ń rù, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rin ìlú onílùú, láti Òkè-Ògùn dé ilẹ̀ Ẹ̀bìrà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sùn lórí ẹní ẹlòmíràn, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé Iléṣà tán, wọn ò béèrè ohun mìíràn. Wọ́n ní àwọn ti sùn ní ilé onílé tó, iwájú ilé tiwọn ni kí a tẹ́ àwọn sí, kí ẹni tó bá ń wọlé lè máa kí àwọn. Mo wá ń ronú pé èmi náà, òṣómàáló ni mí, àfi pé mi ò ru aṣọ. Bí wọ́n bá wá hú bàbá mi kúrò níwájú ilé rẹ̀, níbo gan-an ni mo ti wá? Bí wọ́n bá bi mí níbí pé níbo ni ilé mi, ìdí òkúta wo ni màá fọwọ́ sí?

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà ni Declan wá bá mi níbi tí mo ti ń lọ aṣọ. Ó jókòó. Kì í sábà jókòó.

“Lọ́jọ́bọ̀, mo fẹ́ kí o gbé Mama lọ sí ìlú. Ẹ lọ ṣe irun wọn, ẹ jẹun níbi tó bá wù yín. Ẹ má tètè dé.”

“Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀?”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní màlúù kò mú èrè wá mọ́, òun fẹ́ sọ ilé màlúù di ilé àlejò, fún àwọn tó ń wá láti òkèèrè wá wo orí òkè àti àwọn ohun àtijọ́. Ibi tí òkúta wà ni ọkọ̀ wọn yóò máa dúró sí. Katapílà ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ fẹ́ hú ohun àtijọ́ kí àwọn tó ń wá wo ohun àtijọ́ lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí.”

“Òkúta kan ni. Gbogbo ìyókù ti lọ.”

“Ìyá yín mọ̀?”

“Bí wọ́n bá dé tí wọ́n rí i pé ó ti lọ, wọ́n á gbà. Àgbàlagbà máa ń gba nǹkan.” Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ èyí tó kù, kò sì wojú mi: “Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ máa tó parí. Èmi ni mo máa fọwọ́ sí òmíràn.”

Kò pariwo, kò halẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó lọ bá màlúù rẹ̀.

Mo jáde lọ síbi òkúta. Mo ronú nípa ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì ní Òkè Fíà àti bí Bọ̀dá Fẹ́mi yóò ṣe rẹ́rìn-ín bí mo bá padà sílé lọ́wọ́ òfo nítorí òkúta ẹlòmíràn. Mo ronú nípa oògùn ẹsẹ̀ Yèyé. Mo wá rí i pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀ mí sí níbí ni pé kí n gbé ìyá onílé kúrò nílé kí wọ́n lè rí àyè hú òkú. Ó sì dá mi lójú pé ní Òṣogbo, bí wọ́n bá fẹ́ hú bàbá mi, wọ́n á kọ́kọ́ gbé Yèyé lọ kí ìbátan kan níbì kan. Ìyẹn ni mi ò lè ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń ya irun Màmá Nora, mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n jẹ́ kí n ya irun náà tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Lọ́jọ́bọ̀, wọ aṣọ òjò fún mi.”

Lọ́jọ́bọ̀, òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀. Declan ti jáde lọ pàdé katapílà lójú títì. Mo ti àga onítáyà náà gba iwájú ilé, mo yí i padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n táyà rì sínú koríko, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Màmá Nora wò mí. Mo wò wọ́n. Mo yí ẹ̀yìn sí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ẹ dì mọ́ mi lọ́rùn, Mama.”

“Wàá ṣubú.”

“A kì í ṣubú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.”

Wọ́n dì mọ́ mi. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn gbá wọn mú, mo dìde. Wọ́n fúyẹ́ bí àpò òwú. Bí mo ṣe ń lọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ sí mi létí, ẹ̀rín ọmọdé gan-an. Mo gbé wọn sórí ọ̀kan nínú àwọn kùkùté òkúta, mo ní kí wọ́n fara ti èyí tó dúró, mo ṣí agbòjò lé wọn lórí.

Katapílà wọlé pẹ̀lú ariwo. Ọkùnrin tó ń wà á rí wa, ó dúró. Declan sáré wá.

“Mama, kí lẹ ń ṣe nínú òjò?”

“Mò ń kí àwọn ará ilé.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé. Àìsàn á mú yín.”

“Bàbá rẹ da ọmọ ọlọ́mọ sódò nígbà tí o wà nínú mi,” Màmá Nora ní. Wọn ò gbé ohùn sókè. “Mo dákẹ́. Mo bí ọ, mo tọ́ ọ dàgbà lórí òkúta wọn, mo dákẹ́. Bí o bá fẹ́ hú èyí, ní kí ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ gbé mi.”

Ọkùnrin orí katapílà pa ẹ̀rọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó ní, “Declan, mo mọ ìyá yín láti kékeré. Mi ò lè ṣe èyí.” Ó gùn ún padà, ó rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Declan dojú kọ mí. “Ìwọ lo sọ fún wọn.”

“Èmi ni.”

Omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀, ó gbé wọn wọlé, kò sì gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Màmá Nora pe ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun àtijọ́. Obìnrin kan wá, ó ya àwòrán òkúta náà, ó wọ inú ilé màlúù, ó fọwọ́ pa òpó méjèèjì tó wà lára ògiri bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin. Wọ́n ṣe ọgbà yí èyí tó dúró ká. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ bí mo ṣe ń lọ sídìí tẹlifóònù. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀dá Fẹ́mi. Mo fẹ́ sọ pé bí ìyá òyìnbó tí kò lè dìde bá lè jókòó sínú òjò nítorí òkú tí kò mọ̀ rí, ọmọ bàbá mi lè sọ fún oníbúrẹ́dì pé kó wá ilé mìíràn. Yèyé ló gbé e. Wọn ò kí mi.

“Wọ́n ti kó bàbá rẹ.”

“Nígbà wo, Yèyé?”

“Ìgbà tí wọ́n ní kí n lọ kí àbúrò mi ní Ìpetu. Inú àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n kó wọn sí. Ẹni tó rí i ló sọ fún mi.”

Àpò sìmẹ́ǹtì. Láti ṣọ́ọ̀bù ọmọ wọn. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta aṣọ, tí kò sí irú òwú tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀, àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi dì í. A jọ dákẹ́ títí káàdì fi tán, mi ò sì kábàámọ̀ káàdì yẹn.

Declan kò fọwọ́ sí ìwé mi. Mo lọ sí ìlú ńlá, mo rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Kí òtútù ọdún náà tó parí, Declan wá mi rí lórí fóònù. Ó ní Màmá Nora ti kú, wọ́n kú lójú oorun. Ó wá ní, “Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé òkúta náà wà níbẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ ṣé.” Kò sí ohun tí mo tún lè sọ tí kò ní jẹ́ èébú.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni mo wálé. Bọ̀dá Fẹ́mi fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà. A kò fi bẹ́ẹ̀ bára wa sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ ìyẹ̀fun dúró níwájú ilé wa, táyà rẹ̀ wà ní ibi gan-an tí Bàámi fi ọ̀pá fa ilà sí. Búrẹ́dì ń ta sánsán dé òpópónà. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó gbé mi lọ síbi tí wọ́n kó wọn lọ.

Ẹni tó ń tọ́jú itẹ́ òkú ìjọ tẹ̀ lé wa. Ó fọwọ́ sí abẹ́ igi tíìkì, ó tún fọwọ́ sí ìhà ògiri. Ó ní àárín ibẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n hú wá láti ojúlé pọ̀ lọ́dún yẹn, wọn ò fi nǹkan kan sàmì sí èyíkéyìí, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ náà sì ti kú.

Mo yíjú sí Bọ̀dá Fẹ́mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò jọ fún un láti ọdún wọ̀nyẹn wá dé ẹnu mi. Mo rí i pé ó ti gbó. Mi ò fojú fo ohun tó ṣe, mi ò sì ní fojú fò ó, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, nítorí kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wá.

Mo bọ́ bàtà. Mo kúnlẹ̀ sáàárín igi tíìkì àti ògiri, nínú koríko. Mo kí wọn. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ilé tuntun tí ẹ kò béèrè. Mo sún síwájú, mo tún kí. Mo yí sí apá ògiri, mo kí ibẹ̀ náà.

“Àwọn wo lò ń kí báyìí?” Bọ̀dá Fẹ́mi béèrè lẹ́yìn mi.

“Gbogbo wọn,” mo ní. “Èyí tó bá jẹ́ bàbá wa nínú wọn á dáhùn.”

Ó dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ tí koríko ń ró lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo rò pé inú ọkọ̀ ló ń lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti ṣí fìlà, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko ní apá kejì, níbi tí mi ò tíì kí dé.